Ohun tí Mo Kọ́ Mírà Nípa Hámánì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi láti ọdún mẹ́fà, ọkọ mi gan-an ò mọ̀. Ǹ bá tiẹ̀ gbé e wọ sàréè, bí kì í bá ṣe ohun tí ọmọ kan sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi.

Calgary níbí la wà nígbà tí owó epo já wálẹ̀, táwọn iléeṣẹ́ ń lé òṣìṣẹ́ bí ẹni ń lé adìẹ. Bọ̀dá Délé, Yorùbá bíi tiwa, ni ọ̀gá ọkọ mi níbi iṣẹ́. Ẹ má bínú pé mi ò ní fọ̀wọ̀ dárúkọ rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ Sunday kan, ó wá sí basement wa ní Forest Lawn. Ó jẹ iyán, ó ní kí n bu ọbẹ̀ sí i, ó ń pe ọkọ mi ní "àbúrò mi àtàtà." Ní Monday, òun fúnra rẹ̀ ló fún ọkọ mi ní lẹ́tà pé iṣẹ́ ti tán, kó máa lọ sílé. Láti Friday ni wọ́n ti kọ lẹ́tà yẹn! Ó mọ̀, ó sì jẹ iyán mi! Ẹ ò rí i bí ojú ẹ̀ ṣe le tó?

Mo ní màá fi hàn án.

Èmi ni mò ń bá Délé àti ìyàwó rẹ̀ tọ́jú ọmọ wọn, Mírà, ọmọ ọdún márùn-ún. Mi ò fiṣẹ́ náà sílẹ̀. Mò ń rẹ́rìn-ín sí wọn, ohun tó wà lọ́kàn mi, èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n.

Júù ni ìyá ọmọ náà, obìnrin jẹ́jẹ́, kò ṣẹ̀ mí rárá. Nígbà tí ọdún Púrímù wọn ń bọ̀, ó ní kí n máa ka ìtàn Ẹ́sítérì fún Mírà, torí ó mọ̀ pé èmi náà ń ka Bíbélì. Àṣà wọn ni pé ibi tí orúkọ Hámánì, ìkà tó fẹ́ pa gbogbo Júù run, bá ti jáde nínú ìtàn, gbogbo ọmọdé á pariwo, wọ́n á jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, káwọn èèyàn má baà gbọ́ orúkọ burúkú yẹn. Èmi àti Mírà da ẹ̀wà sínú agolo mílíìkì, a dé e pa, ó sì ń mì ín kiri ilé. Inú ẹ̀ dùn gan-an.

Ó wá bi mí pé, "Auntie, is Haman still alive?"

Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ni mo ti ṣe é. Mo sọ fún un pé ó wà láàyè, pé bàbá rẹ̀ ni. Mo ní òun ló kọ orúkọ Uncle, ìyẹn ọkọ mi, sílẹ̀ kí Uncle má baà rí oúnjẹ jẹ. Mo ní tó bá ti gbọ́ orúkọ Daddy lọ́jọ́ ọdún, kó mi agolo rẹ̀ dáadáa. A tiẹ̀ jọ dán an wò.

Lọ́jọ́ náà, ilé wọn kún fún àlejò. Ìyá rẹ̀ ka ìtàn tán, ó ní kí Délé wá kí àwọn èèyàn. Bó ṣe dárúkọ ẹ̀ báyìí, Mírà bẹ̀rẹ̀ sí í mi agolo, ó ń pariwo, "Boo! Daddy is Haman!" Àwọn èèyàn kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Délé náà rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ pé kó wá, ni ọmọ bá figbe ta, ó sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ojú Délé lọ́jọ́ yẹn! Mi ò ní parọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi nínú.

Ó bi ọmọ pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mírà wò mí. Mo mirí sí i pé kó má sọ. Ó ní, "Nobody."

Fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọmọ yẹn ò jẹ́ kí bàbá rẹ̀ gbé òun.

Ọkọ mi ti ríṣẹ́ míì ní Seton, a sì ti kúrò ní basement. Síbẹ̀, inú mi ò tíì yọ́ sí Délé. Ọ̀rọ̀ iyán yẹn ṣì ń dùn mí.

Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yà kí ìyá Mírà. Mírà ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ó bá mi ní kíṣìnì, ó rọra sọ ọ́ sí mi létí pé, "Auntie, Daddy asked me again. I still didn't tell him."

Ọdún mẹ́fà! Bàbá ṣì ń béèrè, ọmọ ṣì ń parọ́ fún un nítorí mi. Délé ni mo fẹ́ fìyà jẹ, kì í ṣe ọmọ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ bímọ, ṣé kí n lọ kúnlẹ̀ fún ọkùnrin tó jẹ iyán mi yẹn? Àbí kí n tún mirí sí ọmọ ọlọ́mọ?