Ìwádìí Ìdílé Àna Wa Òyìnbó

Rárá o, Ìyá Jésùtọ́pẹ́, ẹ má dìde wá omi fún mi, omi kọ́ ni mo wá mu ní Omifunfun, ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán ná, torí láti Òrè ni mo ti ń dá ọ̀rọ̀ yìí sọ lẹ́yìn ọ̀kadà títí ọlọ́kadà fi bi mí pé ṣé òun ni mò ń bá wí. Àbúrò yín ni mò ń bá wí. Festus Owólabí, ọkọ mi, ẹni tí ẹ pọ̀n dàgbà, ló ní Máyọ̀wá ọmọ mi kò níí lọ́kọ nítorí ọkùnrin kan tó ti kú kí wọ́n tó bí bàbá bàbá ẹnikẹ́ni tí a mọ̀.

Kò yé yín, àbí? Ẹ jẹ́ kí n gbé e kalẹ̀ bó ṣe rí.

Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí Máyọ̀wá ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà, àdúrà kan náà ni àbúrò yín ń gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé kí Ọlọ́run fún òun ní àna. Ọlọ́run wá dá a lóhùn. Ọmọ pè, ó ní òun ti rí ẹni tí òun máa fẹ́, Kálọ́mù Makínọ́ọ̀nù lorúkọ rẹ̀. Inú àbúrò yín dùn débi pé ó bọ́ síta lọ sọ fún àwọn tó ń sá kòkó lójúde pé ọmọ Oǹdó ni ọmọ òun rí fẹ́, pé Makínọ́ọ̀nù yẹn, ìdílé Akin ni wọ́n máa jẹ́ dandan. Nígbà tí a wá rí ojú ọmọ náà lórí fóònù, tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí oòrùn pa, tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí Máyọ̀wá ṣe kọ́ ọ, àbúrò yín wò ó, ó wò mí, ó ní, "Elizabeth, ta nìyí?" Mo ní, "Ọmọ Oǹdó yín ni."

Kò bínú o. Ẹ mọ̀ ọ́n, kì í bínú níbi tí ènìyàn ti lè rí i. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kò burú, ṣùgbọ́n àwa Ìkálẹ̀ kì í fọmọ fún ẹni tí a ò wádìí ilé rẹ̀, kí wọ́n sọ ìdílé wọn fún òun láti orísun, ká mọ̀ bóyá olè wà níbẹ̀, bóyá wèrè, bóyá àrùn tí kò ṣe é sọ. Ó wá yíjú, ó ṣẹ́jú sí mi. Ó rò pé òyìnbó kì í mọ bàbá bàbá rẹ̀ ni. Ó rò pé ibẹ̀ lọ́rọ̀ máa kú sí, kò sì sẹ́ni tó máa sọ pé òun Festus ló pa á.

Kò mọ̀ pé ìyá kan wà nínú ilé wọn, Ísóbẹ́lì, àbúrò bàbá bàbá ọmọ náà, arúgbó tí kò níṣẹ́ méjì láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì ju kó máa wá orísun wọn kiri. Ó ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ lóríṣiríṣi, ó ti rìn láàárín ibojì, ó ti wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Skọ́tílándì lọ dúró lórí òkè tí ẹnikẹ́ni ò gbé mọ́ àfi àgùntàn. Àbúrò yín ní kí wọ́n bu omi díẹ̀ wá fún òun, wọ́n darí odò sí i.

Ọjọ́ Sunday, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ìyá náà á pè, Máyọ̀wá á máa túmọ̀. Ó ní ẹni tó kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà nínú wọn ni Dọ́nkánì. Erékùṣù kan ní Skọ́tílándì ni wọ́n bí i sí. Òun àti àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ bá Jọ́ọ̀jì ọba Gẹ̀ẹ́sì jà, ọba borí, wọ́n ju Dọ́nkánì sẹ́wọ̀n, wọ́n wá fi ọkọ̀ ojú omi gbé e kọjá òkun lọ sí Kàrólínà, ìgbà yẹn ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣì ni ibẹ̀, wọ́n tà á fún olóko kan pé kó sìn ín fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìyá náà ní kò gbọ́ èdè àwọn ará oko, pé màlúù nìkan ló ń fi èdè ilé bá sọ̀rọ̀. Omi bọ́ lójú mi. Mo wo àbúrò yín, mo rò pé tiẹ̀ náà ń bọ́. Ó ń họ àgbọ̀n. Ó ní, "Ẹlẹ́wọ̀n. Ẹrú olóko. Ilé tí ọmọ mi fẹ́ wọ̀ nìyẹn."

Ó di Sunday kejì, ìyá náà tẹ̀síwájú. Ó ní nígbà tí Dọ́nkánì gba òmìnira, ó rí ilẹ̀ létí odò, ilẹ̀ náà sì dára, ló bá ra àwọn ènìyàn dúdú láti máa ro ó. Kò sẹ́ni tó bi í o. Ìyá náà dúró de Máyọ̀wá títí ó fi túmọ̀ ọ́ tán. Ó ní òun ò lè sọ ibi tó dùn nìkan fún wa, pé nínú gbogbo àwọn ènìyàn yẹn, orúkọ Fíbì àti Kétò nìkan ni òun tíì rí, pé òun sì ń dárúkọ wọn nínú àdúrà. Ó dùn mí, mi ò purọ́. Máyọ̀wá ní kì í ṣe tuntun létí òun, Kálọ́mù fúnra rẹ̀ ló ti sọ ọ́ fún òun kí òun tó gbà fún un.

Àbúrò yín tí kò sunkún fún ẹrú ló wá dìde sí olówó ẹrú. Ó ní ìran amúnisìn. Tó bá jẹ́ pé ó ká a lára lóòótọ́ ni, màá jókòó tì í, nítorí ó ká èmi náà lára. Ṣùgbọ́n mo bi í, mo ní, "Bàbá Máyọ̀wá, lọ́sẹ̀ tó kọjá ẹ ní wọ́n jẹ́ ẹrú, lọ́sẹ̀ yìí ẹ ní wọ́n ní ẹrú, èwo ni ká mú?" Ó ní ká mú méjèèjì.

Ìyá arúgbó yẹn wá fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé, ẹni tó kọ́kọ́ dé Ajue, ìlú baba yín, nínú tiyín ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ di ara yín mú. Àbúrò yín tún fìlà dé. Ó ní bàbá bàbá òun, Bàbá Owólabí, ọmọ ọba ni, ó gbé adé kúrò ní Bìní, ó pa erin lójú ọ̀nà, òun àti ọmọ ogun rẹ̀ ló sì tẹ Ajue dó. Erin. Inú ìyá náà dùn, ó ní kó rọra máa sọ ọ́ kí òun lè máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ó sì rọra sọ ọ́ lóòótọ́, ó fi ehín erin kún un.

Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ fún mi nígbà tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, tí a jọ ń bó ẹ̀gẹ́, pé àlejò ni Bàbá Owólabí ní Ajue? Pé akódà tó wá gba owó orí ni baba lù bolẹ̀ lọ́nà Òkìtìpupa, tó fi sá wọgbó, tí àwọn onílẹ̀ ṣàánú rẹ̀, tí wọ́n fún un níbi tó lè dáko sí? Owó orí ọba wo ni? Jọ́ọ̀jì náà ni, tàbí ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ́ Jọ́ọ̀jì. Ọ̀kan bá Jọ́ọ̀jì jà, wọ́n mú un. Ọ̀kan lu ìránṣẹ́ Jọ́ọ̀jì, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Eré sísá nìkan ló yà wọ́n. Ká ní Dọ́nkánì mọ eré sá ni, a ò bá má ní àna.

Ẹ ṣì ń gbọ́ mi? Èyí tó gbé mi dé ibí ni pé àbúrò yín ní kí n pe ọmọ, kí n sọ pé èmi ìyá rẹ̀ ni mi ò fẹ́. Èmi. Kí òun lè wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí bàbá rere. Mo kọ̀, ó ti dákẹ́ sí mi láti ọjọ́ náà, oúnjẹ mi nìkan ni kò kọ̀. Máyọ̀wá pè mí lánàá, ó ní, "Mọ́mì, mi ò níí bẹ̀bẹ̀ mọ́. A máa ṣe é níbí. Ṣùgbọ́n tí mo bá bímọ, kí Dádì má retí pé màá gbé e wálé." Ṣé ẹ gbọ́? Ọmọ ọmọ tí wọn ò tíì bí ti kẹ̀yìn sí mi.

Nítorí náà, ẹ máa bá mi lọ sí Òrè. Ẹ̀yin nìkan ni àbúrò yín ń bẹ̀rù. Tí ìyá Ísóbẹ́lì bá pè, ẹ jókòó ti àbúrò yín, kí ẹ sọ bí bàbá bàbá yín ṣe dé Ajue.

Ẹ ní àṣírí ilé ni. Àṣírí kẹ̀? Ṣé tiwọn kì í ṣe àṣírí ilé ni wọ́n ṣe tú u sílẹ̀ fún wa?

Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín? Ẹ ní ìtàn akódà tí ẹ sọ fún mi ò pé. Kí ló kù níbẹ̀?

Ìyàwó ta ni? Ìyàwó akódà? Baba lu akódà, ó tún gbé ìyàwó rẹ̀ sá? Èwo nínú àwọn ìyàwó baba nìyẹn?

Rárá. Ìyá àgbà? Ìyá àgbà tí àbúrò yín fi ń búra, tó ní kò sí obìnrin oníwà mímọ́ bíi rẹ̀ láti Odìgbó dé etí òkun? Ìyá tó bí bàbá yín gan-an?

Ẹ jẹ́ kí n jókòó. Akódà wá gba owó orí, wọ́n gba aya lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ má wò mí, ẹ̀rín ń pa mí, ikùn ń dùn mí. Ẹ dìde, Ìyá Jésùtọ́pẹ́, ẹ wọ aṣọ tó dáa, kí àna wa rí irú ìdílé tí wọ́n fẹ́ bá tan.