Ẹ Gbé Mòláásì Yín Padà

Ẹ gbé e padà! Àǹtí Olúrẹ̀mí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má gbé ìgò yẹn lé tábìlì mi, ẹ dá a padà sínú báàgì tí ẹ fi gbé e wá láti Gowon Estate, mi ò fẹ́ mòláásì nínú ilé yìí mọ́! Ẹ̀bùn ta ni? Ti Màmá? Màmá wo? Ọmọ ni mo bí, Àǹtí, mi ò bí ìyá yín o!

Rárá, ẹ jẹ́ n sọ ọ́, mo ti dákẹ́ tipẹ́. Mo mọ̀ pé ó dára, ta ló ń bá yín jiyàn? Omi dúdú tó ń kù sílẹ̀ tí wọ́n bá se ìrèké di ṣúgà, wọ́n ní ó ń fún ara lẹ́jẹ̀, ó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀, ó ń ran eegun àgbà lọ́wọ́, ta ni Màmá ò sọ ọ́ fún ní gbogbo Ìgàndò? Ṣebí èmi náà ni mò ń pò ó fún wọn láràárọ̀, ṣíbí kan nínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, òmíràn nínú ẹ̀kọ dípò ṣúgà, wọ́n á lá ṣíbí, wọ́n á di ojú kan, wọ́n á wá fi èyí tó lẹ̀ mọ́ ìka pa iwájú irun, pé ó ń lé ewú. Ìyá Hamdalah tó ń ránṣọ lẹ́nu géètì, wọ́n bù fún un. Báyọ̀dé ọkọ mi, wọ́n ń bù fún un. Èmi ńkọ́?

Nígbà tí oyún bà jẹ́ lára mi, tí ojú mi funfun, tí nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ mi ti lọ sílẹ̀, pé kí n máa lá mòláásì kún oògùn tí wọ́n kọ fún mi, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, orí àga yìí gan-an lẹ jókòó sí, Màmá gbé ìgò wọ yàrá, wọ́n tì í mọ́ inú àpótí, wọ́n ní, “Ta ní í bu omi sínú ajere? Inú tí kì í gbé nǹkan dúró, ẹ̀jẹ̀ kí la fẹ́ fún un?” Ẹ gbọ́ ọ. Ẹ wolẹ̀. Háà! Mo ṣì ń gbọ́ ọ tí mo bá ń fọ abọ́.

Màmá kú, a sin wọ́n, Ọlọ́run dá mi lóhùn, mo bímọ obìnrin. Mo sọ ọ́ ní Olúwadárasími, ta ló pè é bẹ́ẹ̀ rí? Ìyábọ̀! Ìyábọ̀! Àgbàlagbà ń dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò, Báyọ̀dé gbé fọ́tò ẹ̀ sí Fesibúùkù, ó kọ “Màmá mi ti dé” sí i, gbogbo yín sì ń kí i káàbọ̀.

Ẹ má rẹ́rìn-ín, Àǹtí. Ẹ̀rù ń bà mí. Báyọ̀dé kàn dán an wò lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fi mòláásì kàn án lẹ́nu. Ọmọ yẹn lá a, ó di ojú kan, ó sì fi ìka pa iwájú irun! Ta ló kọ́ ọ? Màmá ti wà nínú ilẹ̀ kí n tó lóyún ẹ̀! Mo fi ọṣẹ fọ irun yẹn títí, òórùn ẹ̀ ò lọ, bíi ti yàrá Màmá ló ń rùn. Látìgbà náà, tí n bá ń wẹ̀ ẹ́, mi ò lè wo ojú ẹ̀. Èmi ìyá ẹ̀! Kí ni wọ́n wá ṣe nínú inú tí kì í gbé nǹkan dúró? Ẹ̀yin ọmọ wọn ńkọ́, ẹ ò ní inú ni?

Ẹ ní kí n rọra, pé orúkọ lásán ni? Ó dáa. Ṣé ẹ mọ ohun tí ọmọ náà ń pè mí? Àwọn ọmọ Ìyá Hamdalah ń pe ìyá wọn ní Mọ́mì. Tèmi, tó bá ṣubú, tébi bá ń pa á, “Ìyàwó!” Ìyàwó, Àǹtí! Bí Màmá ṣe ń fà á gẹ́lẹ́ ló ṣe ń fà á. Lánàá, “Ẹ̀n mà” ló já bọ́ lẹ́nu mi. Orúnkún mi ti kanlẹ̀ ní kíṣìnnì kí n tó rántí pé ọmọ mi ni.

Ó ti ń jí ní yàrá, ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ẹ jókòó, ẹ ò tíì lọ. Ohun tí ọmọdé bá gbọ́ ló ń sọ, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ, kì í ṣe òkú, ohun tí mo fi ń tu ara mi nínú nìyẹn jàre. Ẹ̀yin ni àgbà ilé. Kó tó yọjú, ẹ pè mí ní Màmá Dárasími. Ẹ pè é sókè, kó gbọ́. Kí lẹ ń wò? Ẹ pè mí, Àǹtí! Tẹ́ ò bá sì lè pè mí, ó yá, ẹ wọ yàrá tọ̀ ọ́ lọ, kí ẹ bi Màmá yín pé ta ni ìyá wọn báyìí.