Hóró Àgbàdo Tí N Kò Dà Nù

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé n kò fi orúkọ sí i. Ẹ̀rù ń bà mí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Lọ́dún tó kọjá, àìsàn ẹ̀jẹ̀ fẹ́ pa èmi náà. Mo yè é nítorí pé ẹnì kan tí n kò mọ̀ fara balẹ̀ wo ẹ̀jẹ̀ mi. Láti ìgbà náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ mọ́.

Ilé àyẹ̀wò kékeré kan ní Ìlaròó ni mo ti ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ mi ni láti wo ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, kí n ya àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá àrùn jà sí oríṣi márùn-ún. Aró elésè-àlùkò la fi ń kùn wọ́n kí a lè dá wọn mọ̀. Òmíràn ní ojú kan ṣoṣo, ó rí roboto bí òṣùpá. Òmíràn pín sí mẹ́ta bí ewé. Bí mo bá tẹjú mọ́ wọn pẹ́, ó máa ń dà bíi pé mo ń léfòó lójú omi, tí òdòdó ń ṣàn kọjá lábẹ́ mi.

Ẹ̀rọ tí a fi ń kà wọ́n ti bàjẹ́. Ọ̀gá wa fún mi ní ọgọ́rùn-ún hóró àgbàdo àti ife kékeré márùn-ún. Bí mo bá rí sẹ́ẹ̀lì kan, mo máa sọ hóró kan sínú ife tirẹ̀. Tí àgbàdo bá tán, mo máa kọ iye tó wà nínú ife kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, mo máa dà wọ́n kúrò nínú ife, iṣẹ́ parí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màmá kan wá láti Àgọ́sásá. Àgbẹ̀ ni wọ́n, wọ́n ti rù gan-an.

Wọ́n ní, "Àbúrò, ẹ tètè ṣe é o. Mọ́tò wa kì í dúró de arúgbó."

Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé ìdí tábìlì, àgbàdo ọkùnrin tí mo yẹ̀ wò láàárọ̀ ṣì wà nínú àwọn ife. Ara ọkùnrin yẹn le. Ó ti rẹ̀ mí, ẹ jọ̀ọ́. Mo ka àgbàdo rẹ̀, mo kọ ọ́ sórí ìwé Màmá. Mo ní ẹ̀jẹ̀ wọn dára.

Màmá ní, "Ṣé ẹ rí i? Baálé mi ní ọ̀lẹ ló ń ṣe mí. Ó mà mọ̀ ọ́n o."

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ ni mo tó wo gíláàsì tí mo tẹ́ ẹ̀jẹ̀ wọn sí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ńláńlá tí kò tíì gbó ló kún ibẹ̀, bí ìkùukùu tó ṣú. Mo mọ̀ pé jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹ̀rù bà mí kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo fi sípíríìtì nù ún mọ́.

Kò pẹ́, Màmá kú. Àkọ́bí wọn mú ìwé náà wá, ó bi mí bóyá òótọ́ ló wà níbẹ̀. Mo ní òótọ́ ni. Àwọn ẹbí wá sọ pé bí ẹ̀jẹ̀ Màmá bá dára, a jẹ́ pé ẹnì kan ló pa wọ́n. Ìyàwó kejì baálé Màmá ni wọ́n kà á sí lọ́rùn. Wọ́n ní ó fi májèlé sí oúnjẹ ìyáálé rẹ̀. Wọ́n lé e jáde nílé.

Mo wádìí ìyàwó kejì náà dé Ifọ́nyìntẹ́dó lóṣù tó kọjá. Mo bá a lóko, ó ń gbin àgbàdo, ó ń sọ hóró sínú ihò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, "Ẹ kú ìrìn o. Ta lẹ ń wá?"

Mo ní mo ṣìnà ni.

Bóyá Màmá ì bá yè, n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí kò pa ẹnikẹ́ni, èmi nìkan ló sì mọ̀. Ìwé tí mo kọ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó lé e. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, òun ni tàbí àwọn?