Dẹ́rẹ́bà Tí Kò Tó Àtàǹpàkò

Nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń ti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ìkòròdú láyé òyìnbó, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ láàárín ìyá àgbà kan àti akọ̀wé kan tó ń nu ère ènìyàn bíńtín tí kò tó àtàǹpàkò.

"Pẹ̀lẹ́ o, bàbá ìbejì. Táyé ló ṣaláìsí ni, àbí Kẹ́hìndé?"

Bí ìyá ti dárúkọ ìbejì, ẹ̀rù ère ọmọ tó kú bà mí, mo sún dé etí ọkọ̀. Ohun tí kò tó àtàǹpàkò fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi sómi!

"Ẹ má bínú, ìyá, dẹ́rẹ́bà ni. Mọ́tò ìṣeré onírin ni mò ń kó jọ. Nínú gbogbo wọn, ọ̀kan ṣoṣo ló ní dẹ́rẹ́bà, òun nìyí."

"Ìwọ, pẹ̀lú irùngbọ̀n yìí?"

"Ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín."

Ìyá ò rẹ́rìn-ín. "Nígbà tí mo di Mùsùlùmí, èmi fúnra mi ni mo ju ère Kẹ́hìndé mi tó kú sínú ọ̀sà yìí. Jẹ́ n gbé e dání títí a ó fi gúnlẹ̀."

Akọ̀wé wo omi, ó wo ìyá, ó gbé e lé e lọ́wọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, kó má bọ́ sómi o. Mi ò lè rí irú ẹ̀ mọ́."

"Kò ní bọ́ sómi lẹ́ẹ̀kejì."

Ó fi etí gèlè nu orí dẹ́rẹ́bà náà. Nígbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀, gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀ tán, àwọn méjèèjì ò tíì dìde, dẹ́rẹ́bà ṣì wà lọ́wọ́ ìyá.