Èmi Ni Mo Ba Ẹ́ńjìnnì Alhája Jẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ojú ń tì mí. Ó ti tó ọdún méjì tí n kì í gba Ọjà'ba kọjá mọ́ bí kò bá di dandan. Ẹ̀yìn Ọ̀rányàn ni mo ń gbà yípo bí ẹni tó jalè. N ò jalè o. Orúkọ ọmọ ọlọ́mọ ni mo bà jẹ́ kí tèmi má baà bàjẹ́. Èwo ló wá burú jù nínú méjèèjì?

Mẹkáníìkì ọkọ̀ ńlá ni mí ní Bẹyẹrunká. Bàbá Elétí ni wọ́n ń pè mí, torí pé etí ni mo fi ń mọ àìsàn ẹ́ńjìnnì. Mo ní ọ̀pá irin gígùn kan. N ó fi orí rẹ̀ kan ti ara ẹ́ńjìnnì, n ó fi èkejì ti etí ọ̀tún mi, gbogbo èèyàn á sì dákẹ́. Ohun tí mo bá sọ, abẹ gé e. Ṣùgbọ́n ariwo ẹ́ńjìnnì tó sọ mí di olókìkí náà ló jẹ etí ọ̀hún run. Díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ, títí ti ọ̀tún fi kú pátápátá, tí ti òsì ṣẹ́ kù díẹ̀. N ò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyàwó mi. Ẹnu ni mo ń wò bí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀, mo sì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí àwọn yòókù bá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní a kì í fi ìtìjú kárùn. Èmi fi kó o, mo sì kó o ran ẹlòmíràn.

Alhája kan wà ní Àrẹ̀mọ tó ní gwóńgwórò tó fi ń kó iṣu láti Ṣakí. Ọkọ̀ náà ti rìn kọjá àfẹnusọ. Múdà, dẹ́rẹ́bà rẹ̀, ló ti ń wà á láti ọdún mẹ́sàn-án, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin. Lọ́jọ́ kan, bó ṣe kọjá Mọ́níyà, ọwọ́ géèjì epo ẹ́ńjìnnì ṣàdédé wálẹ̀ sí òdo. Ó páàkì lójú ẹsẹ̀, ó yọ ọ̀pá tí a fi ń wọn epo wò, epo kún. Ó ní kí ọkọ̀ mìíràn fà á wá sọ́dọ̀ mi. Kí ni dẹ́rẹ́bà rere tún lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ó yẹ kí n fi géèjì mìíràn wọn agbára epo náà. Ó wà nínú àpótí mi. Bó bá jẹ́ pé òótọ́ ni ti inú ọkọ̀ ń sọ, kí n tú abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n iṣu Alhája ń dúró ní Ṣakí, òun fúnra rẹ̀ ti dé, èrò sì ti pé lé wa lórí láti wo Bàbá Elétí. Mo ní kí Múdà sítáátì díẹ̀, mo gbé ọ̀pá sí etí ọ̀tún. N ò gbọ́ nǹkan kan. Bí mo bá gbé e sí òsì níṣojú wọn, wọn ò ní bi mí pé kí ló dé? Mo kàn mi orí. Mo ní, "Alhája, ara ẹ́ńjìnnì yín dá. Géèjì ló ń parọ́."

Múdà sọ̀ kalẹ̀, ó sún mọ́ mi. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un gbọ́. Nǹkan ń kan kọ̀kọ̀ nísàlẹ̀."

"Ta ni mẹkáníìkì nínú èmi àti ìwọ?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Alhája ní kó máa lọ.

Kò dé Ìsẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì fi nọ́ọ̀kì. Nígbà tí a tú u, mo rí i pé ìdọ̀tí ló dí asẹ́ tí epo ń gbà gòkè. Àwọn béárìn ti yọ́, irin ti lu ara ẹ́ńjìnnì jáde. Ká ní mo tú u lọ́jọ́ àkọ́kọ́, à bá fọ asẹ́, à bá pààrọ̀ béárìn, ó parí. Alhája dúró tì mí, omi ń bẹ lójú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, kí ló fà á?" Ẹnu mi yìí náà ló sọ pé, "Eré àsápajúdé ni. Dẹ́rẹ́bà yín ò ṣàánú ọkọ̀." Múdà wò mí, kò fèsì. Mo rò pé ẹ̀rù ló bà á. Alhája lé e lọ́jọ́ náà, kò sì sí ọlọ́kọ̀ tó tún fẹ́ fa kọ́kọ́rọ́ lé dẹ́rẹ́bà tó ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ lọ́wọ́. Mo gbọ́ pé iṣẹ́ alábàárù ló wá ń ṣe ní Ọjà'ba. A ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà níbẹ̀, èmi gan-an ni mo wọ́ ọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbàgbé ara mi, mo gba Ọjà'ba. Múdà ló ń ti ọmọlanke ẹrù bọ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mápó, òógùn bò ó. Ó rí mi kí n tó lè yà. Ọwọ́ ọ̀tún mi ló wà. Ó fi òkúta dí táyà ọmọlanke, ó yípo mi wá sí ọwọ́ òsì, ó sún mọ́ etí mi dáadáa kó tó kí mi. "Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá ńkọ́?" Lẹ́yìn náà ló padà sídìí ẹrù rẹ̀. Ó mọ̀. Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ náà, kò kàn fẹ́ dójú ti àgbàlagbà níwájú èrò ni.

Alhája ti fẹ́ ra ọkọ̀ mìíràn báyìí. Ó ránṣẹ́ pé kí n wá fi etí yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ Àlàmísì, kí n sì bá òun wá dẹ́rẹ́bà tí kì í ṣe irú Múdà. Ṣé kí n sọ fún un? Bí mo bá sọ, ta ni yóò tún gbé ọkọ̀ wá fún mi? Orúkọ yìí ni àwọn ọmọ mi ń jẹ. Ọkàn mi ti ń sọ ohun tó yẹ fún mi, àmọ́ mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ sókè, kí ẹ sì dúró sí ọwọ́ òsì mi.