Ènì Orí Òkìtì Àgbọn

“Bá Tóyìn ṣe ìṣirò rẹ̀ kó tó sùn.” Ohun tí Edith ìyàwó mi sọ kẹ́yìn nìyẹn, Tíṣà Mákánjú. A ń gbé e wọ inú ọkọ̀ létí ọ̀sà, pé ká sáré gbé e kọjá sí ọsibítù ní Àgbádárìgì. Kò pe orúkọ mi, kò sọ pé ó dàbọ̀, ìṣirò ọmọ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Kí a tó dé òdìkejì, ó ti dákẹ́.

Rárá, mi ò ní jókòó. Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n dúró sọ ọ́.

Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sójú pátákó: ìyá kan ta òkìtì àgbọn márùn-ún, ogún ló wà nínú òkìtì kọ̀ọ̀kan, àgbọn mélòó ni oníbàárà gbé lọ? Ọmọ mi kọ ọgọ́rùn-ún ó lé márùn-ún. Ẹ fi bírò pupa fa ìlà sí i. Mo gbà. Ọgọ́rùn-ún ni ìwé yín ń fẹ́, èmi náà jáde sẹ́kọ́ńdìrì. Ṣùgbọ́n Tíṣà, ní Gberefu níbí, ta ló ń ta òkìtì àgbọn láìfi ènì lé e? Ọ̀kan lè ti bàjẹ́ nínú, ẹni tó rà á ò sì gbọdọ̀ pàdánù, nítorí náà òkìtì kan, ènì kan. Bí Edith ṣe kọ́ ọ nìyẹn, lórí iyanrìn níwájú ilé wa, àgbọn gidi ni wọ́n jọ ń kà. Àgbọn yẹn náà ló bọ́ wa nígbà tí owó epo rọ̀bì ìjọba gbẹ, tí wọ́n ní kí àwa akọ̀wé èbúté Apapa máa lọ sílé. Ọmọ tó ro ti ènì mọ́ ọn, ṣé olódo nìyẹn?

Kí lẹ wí? Àwàdà? Ó dáa.

Ẹ bi í níwájú gbogbo kíláàsì pé, “Ta ló kọ́ ẹ ní ìranù yìí?” Ọmọ ní, “Màmá mi ni, sà.” Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ̀ pé ó ti kú, Tíṣà. Ẹ̀yin lẹ kó àwọn ọmọ ilé ìwé wá kọrin níbi ìsìnkú. Iyanrìn tí wọ́n kó bò ó ò tíì wálẹ̀.

Tóyìn délé, ó tú àgbọn tí ìyá rẹ̀ tò sílẹ̀ ká, ó ní, “Dádì, màmá mi ò mọ̀ ọ́n kọ́ni.” Mo ti gbọ́ ẹkún ní ilé yẹn, kò sí èyí tó wọ̀ mí lára tó ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá mú ṣọ́ọ̀kì pé kí n kọ́ ọ ní ìṣirò, á ní orí ń fọ́ òun.

Mi ò bẹ̀ yín ní máàkì. Ẹ jẹ́ kí ìlà pupa yín wà níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹ dúró ní kíláàsì lọ́la, kí ẹ sọ fún un lójú àwọn tó fi í rẹ́rìn-ín pé ìyá rẹ̀ ò ṣì í kọ́. Ẹnu yín ló ti jáde, ẹnu yín ló máa gbà á padà.

Ẹ ní èmi ńkọ́, èmi bàbá rẹ̀, kí ni mo sọ fún un? Ẹ bi mí dáadáa. Mi ò tíì kó aṣọ Edith fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Kankon. Mi ò tíì padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò tíì sùn sí apá ibi tó ń sùn sí lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ sọ nípa ìyá rẹ̀ yẹn, mi ò tíì dá a lóhùn.