Oríkì Ìyá Bàbá Mi Ni Mo Fi Jà

Ó di oṣù mẹ́rin báyìí tí àbúrò bàbá mi kò dá mi lóhùn mọ́. Màmá Kàbà ni gbogbo wa ń pè wọ́n, nítorí Kàbà ni wọ́n ń gbé. Bí mo bá fi fóònù ẹlòmíràn pè wọ́n, wọ́n á gbé e, wọ́n á gbọ́ ohùn mi, wọ́n á sì pa á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Mo ṣẹ̀ wọ́n, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni mò ń lé nígbà tí mo ṣẹ̀ wọ́n, inú mi kò sì tíì rọ̀ sí ẹni náà títí di òní olónìí.

Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni bàbá mi, Nyanya lẹ́bàá Abuja ni wọ́n sì ti tọ́ wa dàgbà. Èdè Gíríkì àtijọ́ ni wọ́n kà ní yunifásítì. Ẹbí fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí, pé ta ni wọ́n fẹ́ bá sọ ọ́ ní Nàìjíríà yìí? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gba iṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì ń to fáìlì. Ṣùgbọ́n láàárọ̀, bí wọ́n bá ti rí àyè jókòó nínú bọ́ọ̀sì tó ń wọ ìgboro, ìwé Gíríkì á wà ní itan kan, ìwé àkọsílẹ̀ á wà ní ìkejì. Ìtàn ogun àtijọ́ kan ni wọ́n ń túmọ̀ sí Yorùbá. Nígbà tí wọ́n fi máa parí rẹ̀, ó ti di ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́rìnlá.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n á máa kà á fún ẹni tó bá lè jókòó gbọ́. Èmi? Mo máa ń sá ni. Ẹni tí kì í sá ni Káyọ̀dé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tí wọ́n bí sí Abuja, tó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe lè sọ ọ́ lọ. Bàbá mi kọ́ ọ ní àmì ohùn bí ẹni ń kọ́ ọmọ tiẹ̀, wọ́n sì ń bu oúnjẹ fún un kí wọ́n tó bù fún wa.

Nígbà tí bàbá mi kú, Káyọ̀dé wá bá mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n bá yín type ẹ̀, kí iṣẹ́ Daddy má lọ ṣòfò. Please." Mo kó gbogbo ìwé náà fún un. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún ó dá wọn padà pẹ̀lú omijé, ó ní kọ̀ǹpútà òun ti bàjẹ́, gbogbo rẹ̀ ti lọ. Èmi aláìmọ̀kan, èmi ni mo tún ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún! Mo ti àwọn ìwé náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ní Wuye, mi ò ṣí ẹyọ kan.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni mo rí ìwé ìpè kan lórí WhatsApp ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Káyọ̀dé rèé nínú agbádá! Wọ́n fẹ́ kó ìwé jáde, ìtàn ogun àtijọ́ láti èdè Gíríkì, òun ni wọ́n sì kọ pé ó túmọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ lẹ́tà Gíríkì kan ṣoṣo! Ó fi ojú ìwé kan ṣe ìtọ́wò fún wa, níbi tí ìyá kan ti dúró lórí odi ìlú tó ń sunkún ọmọ rẹ̀ tí ogun pa. Mo kà á dé àárín, mo sì padà tún ìlà kan kà. "Ọlọ́wọ́ òsì tí í hun aṣọ tí ọ̀tún fi ń ṣe ìlara, arẹwà tó ru omi gun òkè tí kò kán sílẹ̀." Oríkì ìyá bàbá mi nìyẹn! Ọlọ́wọ́ òsì lèmi náà. Òun ni bàbá mi máa ń fi rẹ̀ mí bí mo bá ń sunkún lọ́mọdé. Ibi tí ìyá ará Gíríkì ti ń sunkún, ìyá tiwọn ni bàbá mi gbé síbẹ̀. Olè yìí kó o mọ́ ẹrù, ó rò pé Gíríkì ni.

Ẹ gbọ́ o, ìwé mẹ́rìnlá wà lọ́wọ́ mi, ìkọ̀wé bàbá mi ló wà nínú gbogbo wọn. Mo lè pe Káyọ̀dé kí n ní kó fi orúkọ onínǹkan sí i. Ẹ̀rù ì bá bà á, ì bá sì ṣe é. Ṣùgbọ́n kí ló dùn nínú ìyẹn? Ojú gbogbo ayé ni mo fẹ́ kí aṣọ ti bọ́ lára rẹ̀. Mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ka ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá kí n lè mọ ibi tí màá ti mú un. Nígbà ayé bàbá mi, mi ò ka ojú ìwé kan. Ìkórìíra ló wá mú mi jókòó tí mo fi kà á tán, ó sì dùn débi pé mo sunkún.

Lẹ́yìn náà ni mo ránṣẹ́ pe Màmá Kàbà wá sí Abuja, nítorí àwọn nìkan ló kù nínú àwọn ọmọ ìyá yẹn. Mo ra ẹja ní ọjà Kado, mo se é dáadáa, ibi tí wọ́n ti ń yọ eegun rẹ̀ ni mo ti purọ́ fún wọn pé ẹgbẹ́ wa fẹ́ yẹ́ Bọ̀ọ̀dá wọn, ìyẹn bàbá mi, sí níbi ìkójáde ìwé kan. Inú wọn dùn! Aṣọ tí ìyá wọn fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun ni wọ́n ró lọ.

Iwájú la jókòó sí. Káyọ̀dé kí wa, kò fura. Nígbà tó ka dé "Ọlọ́wọ́ òsì," Màmá dìde. Wọ́n gba oríkì náà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ki èyí tó kù tí kò sí nínú ìwé, omijé ń dà, wọ́n sì ń lọ bá a pẹ̀lú apá méjèèjì ní ṣíṣí. "Ọmọ mi, o ṣé o! Níbo lo ti mọ ìyá mi?" Ìgbà náà ni mo dìde, mo gbé àwọn ìwé bàbá mi sókè. Mo ní, "Dá wọn lóhùn! Níbo lo ti mọ ìyá wọn? Tàbí kó o ka ìlà Gíríkì kan péré fún wa." Ẹnìkan pariwo "Kai!" lẹ́yìn, ẹ̀rín sì bú. Òógùn bo Káyọ̀dé. Ó dùn mọ́ mi, mi ò ní parọ́ fún yín.

Ṣùgbọ́n Màmá ló dúró láàárín, apá wọn ṣì ṣí sílẹ̀. Fóònù ń ya wọ́n lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe Bọ̀ọ̀dá mi ni wọ́n ń yẹ́ sí ni?" Kó tó di ọjọ́ kejì, àwọn ọ̀dọ́ ti fi ẹkún wọn ṣe àwàdà káàkiri orí fóònù. Nígbà tí a délé, wọ́n ká aṣọ náà, wọ́n ní, "Ọmọkùnrin yẹn jí ìyá mi láti fi gbayì. Ìwọ jí wọn láti fi jà. Èwo nínú yín ni kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?" Wọ́n padà sí Kàbà.

Àwọn tó tẹ ìwé náà ti kó o kúrò lórí àtẹ. Káyọ̀dé ti kọ lẹ́tà sí mi lẹ́ẹ̀mẹta, ó fẹ́ kí wọ́n tún un tẹ̀ ní orúkọ bàbá mi nìkan, kí n ṣáà fọwọ́ sí i. Ọkàn mi pín sí méjì. Mo ṣì kórìíra rẹ̀! Ṣùgbọ́n bí mi ò bá fọwọ́ sí i, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni iṣẹ́ bàbá mi máa wà. Mo ní kí ọmọ Màmá bá mi bi wọ́n léèrè. Èsì wọn kò gùn: kí n fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ yọ ìyá àwọn kúrò níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tún fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Ìwé àkọsílẹ̀ bàbá mi ló wà níwájú mi yìí, mo ti ṣí i sí ojú ìwé oríkì yẹn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, kí ni kí n ṣe? Olè kà á, kò mọ ohun tó ń kà, kò sì pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́ nínú rẹ̀. Èmi tí bàbá mi fi oríkì náà rẹ̀ lẹ́kún ni bírò wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀.